Gìtá Olókùn Mẹ́rin Tí Mo Rà Ní Kuje

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ọkọ ìyá mi, ẹni tí ọjà ń wo ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó tú,

Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí. Nígbà tí ẹ wà láyé, bí lẹ́tà bá ti ilé dé, ọ̀dọ̀ akọ̀wé tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ la máa ń gbé e lọ. Yóò kà á sókè, gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí á sì gbọ́ àṣírí wa. Ìyẹn ti tán. Ní ìrọ̀lẹ́, àwa àgbà máa ń pàdé ní ilé ìwé kan ní Nyanya, a ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kékeré, orúnkún wa á máa kan tábìlì. Èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀. Tíṣà wa, ọmọbìnrin tí mo lè bí ìyá rẹ̀, ní kí oníkálukú kọ lẹ́tà sí ẹni tó fẹ́ràn. Obìnrin tó jókòó tì mí kọ tirẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn pé kí ó fi owó ránṣẹ́. Èmi wo ìwé mi títí, mo rí i pé ẹ̀yin ni ìròyìn mi tọ́ sí.

Ìròyìn náà nìyí: gìtá olókùn mẹ́rin ti wọ ilé wa padà.

Ṣé ẹ ṣì rántí iwájú ṣọ́ọ̀bù yín ní Kùmásì? Bí oòrùn bá ti ń rọ̀, ẹ ó ki orín bọ ẹ̀yìn etí, ẹ ó fa àga jáde, ẹ ó fi etí agbádá nu okùn gìtá yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ ó fẹ́ atẹ́gùn sí orí ìka bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀kọ gbígbóná. Lẹ́yìn náà ẹ ó yíjú sí mi, ẹ ó ní, "Ọmọ mi, fún mi lóhùn." Èmi á fún yín ní ti àkọ́kọ́, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn náà ìkejì, ìkẹta, títí dé èyí tó tínrín bí abẹ́rẹ́. Ẹ ó máa yí etí tí okùn so mọ́ lórí gìtá náà títí yóò fi bá ohùn mi dọ́gba. Ìgbà náà ni orin ìkópàtẹ á bẹ̀rẹ̀.

Orin náà kò ní ọ̀rọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dún, ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìkòkò rẹ̀ wọlé, aláṣọ á ká aṣọ, aláta á da ata sínú agbọ̀n, gbogbo ìlà wa á tú. Kò sẹ́ni tó ń wo aago. Gìtá yín ni aago.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba ibẹ̀ ní kí àjèjì máa lọ sílé wọn. Mo rántí ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé wa, bí ẹrù ṣe ga ju ilé lọ, tí àwọn ìyá gbọ́mọ jókòó sórí rẹ̀. Kò sí àyè fún gìtá. Ẹ gbé e lé alábàágbé wa lọ́wọ́, ẹ gun ọkọ̀, ẹ ò sì bojú wẹ̀yìn. Títí ẹ fi sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ò fọwọ́ kan òmíràn mọ́. Àmọ́ mo máa ń rí ìka ọwọ́ òsì yín lórí apá àga. Wọ́n á máa tẹ igi náà, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, láìdún. Mo máa ń jókòó tì yín bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà, mo sì máa ń gbọ́ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ń gbọ́?

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti tẹ̀ lé yín lọ. Mo wá mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn nínú ilé wa tí orin yẹn wà nínú rẹ̀. Bí èmi náà bá fi lọ láìfi í lé ẹnìkan lọ́wọ́, ó parí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí.

Àkànní, ọmọ mi tí ẹ sọ lórúkọ, ló mú mi wá sí Abuja. Káfíńtà ni. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní Kugbo, lójú ọ̀nà Nyanya, àga àti bẹ́ẹ̀dì ló ń kàn fún àwọn tó ń kó bọ̀ láti Èkó. Ìlú tuntun ni, Bàbá. Òkúta ńláńlá, katakata tó ń wú ilẹ̀, eruku pupa, àti àwọn ènìyàn tí ń bi ara wọn pé níbo ni ọ̀nà gbà lónìí. Àkànní ní ọmọbìnrin kan, Fúnmiláyọ̀. Ọmọ náà ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Bí nǹkan bá yà á lẹ́nu, "kai" ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó sì fẹ́ràn gìtá débi pé tí akọrin bá ń kọrin nílé ìsìn, òun a máa wo ọwọ́ onígìtá ni, kì í wo ẹnu ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá akọrin wa, ènìyàn dáadáa ni, gbé gìtá ìjọ fún un pé kí ó gbìyànjú. Olókùn mẹ́fà ni. Ọwọ́ ọmọ kéré, kò ká ọrùn gìtá náà. Bí ó bá tẹ okùn kan, ìka rẹ̀ á sùn lé òmíràn, ìyẹn á sì yadi.

"Ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀ sí i, Màmá," ni ọ̀gá akọrin wí. "Gìtá ò ní sá lọ."

Mo ní, "Gìtá ò ní sá lọ lóòótọ́. Èmi ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a délé, Fúnmi ò sunkún. Ó lọ jókòó sínú àga tí bàbá rẹ̀ kàn fún mi, ó ń wo ìta. Mo ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́. Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ lórí apá àga. Wọ́n ń tẹ igi, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, láìdún. Bàbá mi, mo gbé àwo ìrẹsì sílẹ̀. Ọmọ tí kò rí yín rí. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, á fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, á fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Mo pinnu níbẹ̀ pé n óò wá gìtá tí ó mọ ìwọ̀n ọwọ́ ọmọ yẹn, irú tiyín gan-an, kí ìkórè ìjọ wa tó dé.

Àkànní kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́n jù mí lọ. Ó yá gìtá ńlá lọ́wọ́ ẹnìkan, ó yọ okùn méjì kúrò, ó gbé e wá fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Màmá, ẹ wò ó, olókùn mẹ́rin dé."

Mo wo ọrùn gìtá náà, ó fẹ̀ bí pákó tí wọ́n fi ń kan ẹsẹ̀ tábìlì. "Àkànní," ni mo wí, "bí a bá gé ẹsẹ̀ méjì kúrò lára àkekèé, ṣé ó ti di eèrà?"

Fúnmi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ dá okùn padà.

Ìyàwó alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ló sọ fún mi pé ọkùnrin kan wà lọ́jà Kuje tó ń ra ẹrù lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tó wá la ọ̀nà, bí iṣẹ́ wọn bá parí tí wọ́n fẹ́ máa lọ. Ó ní fáànù wà níbẹ̀, àga tó ń ká, bàtà òjò, àti àwọn nǹkan orin. Owó tí àwọn ọmọ dá jọ pé kí n fi ra aṣọ ìkórè wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Mo dì í mọ́ ìdí. Aṣọ mi ti èṣí ṣì dára. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. A wọ mọ́tò, èmi, Àkànní àti Fúnmi. Lójú ọ̀nà ni mo ti kìlọ̀ fún ọmọ náà bí ìyá mi ṣe máa ń kìlọ̀ fún mi: bí o bá rí ohun tó wù ọ́ lọ́jà, má rẹ́rìn-ín sí i, nítorí ojú oníbàárà ni ọlọ́jà fi ń dá iye.

Màlámù Sánì lorúkọ ọlọ́jà náà. Ó ti gbé Ìlọrin pẹ́, Yorùbá sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Mo kí i ní "sannu" àwọn Haúsá tí mo kọ́ ní Kùmásì, ó ní "yauwa, Màmá", ó fún mi ní àpótí jókòó. Mo gbójú sókè, mo rí wọn. Gìtá bí mélòó kan ló fi okùn so rọ̀ sí òpó. Méjì nínú wọn jẹ́ olókùn mẹ́rin. Ọ̀kan pupa, ó ń dán bí mọ́tò ọba. Èkejì dúdú rẹ́súrẹ́sú, ibi tí apá ènìyàn ti máa ń sinmi lé lára rẹ̀ ti ṣí. Fúnmi fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ kí ẹ̀rín má bàa jáde.

Màlámù ní, "Màmá, ìyẹn pupa ni tọmọge. Ẹ wo bó ṣe ń dán."

Mo ní kí ó gbé e wá. Mi ò ta okùn rẹ̀. Mo gbé e sórí itan, mo fi ẹ̀yìn ìka kan ikùn rẹ̀ kó, kó, kó.

"Kai, Màmá, kì í ṣe ilẹ̀kùn," ni Màlámù wí.

"Mo mọ̀," ni mo dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n ìyá mi ta ìkòkò títí ó fi kú, èmi náà sì tà á tẹ̀ lé e. Ohunkóhun tó bá ní ikùn, mo gbọ́dọ̀ kàn án kí n tó rà á."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìkòkò tó pé, bí ẹ bá kàn án, á dáhùn gbooro. Èyí tó ti sán, á ṣe pẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Gìtá pupa náà ṣe pẹ̀. Mo tún kàn án níbòmíràn, pẹ̀. Mo gbé e fún Àkànní. Ó fi ọwọ́ bọ inú rẹ̀ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ó ní igi tó di àyà rẹ̀ mú ti ṣí kúrò lára pátákó. Màlámù gbà á, ó fọwọ́ kàn án fúnra rẹ̀, ó mi orí. "Òyìnbó náà ò sọ fún mi," ni ó wí, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo wá kan dúdú náà. Bàbá, ó dáhùn. Ó dáhùn bí ìkòkò omi tó jinná dáadáa.

Mi ò jẹ́ kí ojú mi sọ ọ́. Mo ṣe bí ẹni ń wá àlébù, mo yọjú wo inú ihò ikùn rẹ̀, mo sì rí bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Lẹ́tà wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti parẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣì hàn. Mo kà á bí Tíṣà ṣe kọ́ wa, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn: T, E, N, O, R.

"Tẹ́nọ̀," ni mo wí.

Àkànní ní, "Màmá, ẹ tún un kà."

Mo tún un kà. Ó yọjú wò ó, ó sì wo ojú mi. Ẹ ò mọ bí ó ti rí, Bàbá, kí ọmọ tí ènìyàn bí wo ojú ẹni bẹ́ẹ̀ yẹn láàárín ọjà.

Màlámù ní, "Orúkọ tí òyìnbó náà pè é nìyẹn. Ó ní olókùn mẹ́rin ni wọ́n ti ṣe é wá. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá wá ń bi mí pé níbo ni méjì tó kù wà. Ó ti pẹ́ lórí òpó yìí."

Mo mọ̀ nígbà náà pé owó mi á ká a. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè san. Ikùn ti dáhùn, ohùn ńkọ́? Màlámù yí etí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yí ti gìtá ńlá, ó ta á, ó dún dáadáa. Mo ní kí Fúnmi gbà á. Ọrùn rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ náà bí ẹni pé wọ́n wọn ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Mo ń fi imú kọ ìbẹ̀rẹ̀ orin ìkópàtẹ fún un, ó ń wá a lórí okùn. Kò sí níbẹ̀. Ó lọ sókè, ó bọ̀ sísàlẹ̀, kò sí. Orin tó ń jáde jọ orin ẹlòmíràn. Fúnmi gbójú wò mí, ojú rẹ̀ ti ń rẹ̀wẹ̀sì, ẹ̀rù sì bà mí. Mo rò ó pé bóyá irú gìtá tiyín kò sí mọ́ láyé, pé ọwọ́ alábàágbé wa ní Kùmásì ni gbogbo rẹ̀ parí sí. Mo nawọ́ láti gbé e kọ́ padà sórí òpó.

Ọwọ́ mi wà lọ́rùn gìtá náà nígbà tí ó sọ sí mi lọ́kàn. Ta ló ń to gìtá yín? Ṣebí ọ̀dọ̀ mi ni ẹ ti ń gba ohùn.

Mo jókòó padà. Mo pa ojú dé, láàárín ọjà Kuje, èmi ìyá arúgbó, mo la ẹnu, mo fún wọn ní ti àkọ́kọ́. Ohùn mi ti gbó, Bàbá. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ ju ti ìgbà èwe lọ, ó sì ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gòkè lọ sí ìkejì, ẹsẹ̀ mi mọ ibi tí àkàsọ̀ wà. Ìkẹta wà níbi tí mo fi í sí. Ìkẹrin tínrín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ṣùgbọ́n ó dé. Màlámù ń yí etí gìtá tẹ̀ lé mi, ó ń yí i, títí ó fi dọ́gba. Obìnrin tó ń ta wàrà ní ìsọ̀ kejì ti gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wò wá.

Mo ní, "Fúnmi, wá a báyìí."

Ìka rẹ̀ lọ síbẹ̀ tààrà. Ìbẹ̀rẹ̀ orin yín jáde lára igi dúdú yẹn, díẹ̀ díẹ̀, bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Àkànní yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní eruku wọ òun lójú. Gbogbo Abuja ni eruku, mo gbà fún un.

Mo wá ná an bí ọmọ oníkòkò. Mo ní ara rẹ̀ ti ṣí, Màlámù ní ara tèmi náà ti ṣí, a jọ rẹ́rìn-ín, ó dín in. Lẹ́yìn tí mo sanwó, ó fi okùn tuntun kún un, ó ní nítorí ohùn tí òun gbọ́ ni.

Nígbà tí ọ̀gá akọrin rí i, ó ní, "Màmá, tẹ́nọ̀ ni tọkùnrin, ọmọbìnrin kì í kọ tẹ́nọ̀." Mo ní kí ó bá gìtá sọ ọ́. Ó gbọ́ bí Fúnmi ṣe ta á, ó sì fi orúkọ rẹ̀ sí ètò ìsìn ìkórè fúnra rẹ̀.

Bàbá mi, ọjọ́ ìkórè náà ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ilé ìsìn kún. Wọ́n kó iṣu, àgbàdo àti ọsàn síwájú. Ọmọ náà jáde pẹ̀lú gìtá yín, mo ní tiyín, kò gbójú wo ẹnikẹ́ni. Ó yíjú sí ibi tí mo jókòó, ó ní, "Màmá àgbà, ẹ fún mi lóhùn." Mo dìde lójú gbogbo ìjọ, nínú aṣọ mi ti èṣí, mo fún un.

Ó ta á dáadáa. Ó dé ibi tí ẹ máa ń fa okùn kẹta díẹ̀, ó fà á. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ariwo lẹ́yìn mi. Ìyá àgbà kan, Ìyá Dọ́kásì, tó ń ti Karu wá, tó sì máa ń tòògbé bí ìwàásù bá pẹ́, ti dìde. Ó ń palẹ̀ mọ́. Ó ki ìwé orin sínú àpò, ó tún gèlè wé, ó ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà, ó tẹ̀ ba sábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó ń fọwọ́ wá ẹrù tí kò sí níbẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ dì í lápá. "Màmá, níbo lẹ ń lọ? Wọn ò tíì gbàdúrà ìkẹyìn."

"Ṣé etí rẹ di ni?" ni ìyá náà wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè. "Ọjà ti tú."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, omi ti kún ojú mi. Lẹ́yìn ìsìn, ó wá bá mi. Ẹ̀yìn ilé ẹran, níbi tí àwọn alápatà wà, ni òun náà ti ń pàtẹ ní Kùmásì nígbà náà, jìnnà sí wa. Ó ní àwọn ò rí ẹni tó ń ta gìtá náà rí, àwọn kàn máa ń gbọ́ ọ láti òkèèrè ni, bí ó bá ti dún, kálukú á kó ẹrù lọ sílé.

Ó ní, "Ta ni?"

Mo ní, "Bàbá mi ni. Wọ́n ti sùn tipẹ́."

Ó ní, "Mo ti rò bẹ́ẹ̀. Bá mi kí wọn."

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí nìyẹn. Ìyá Dọ́kásì kí yín. Ẹ̀yìn ilé ẹran náà ń gbọ́ yín nígbà yẹn, ẹ ò sì mọ̀. Èmi tí mo rò pé mo dá nìkan gbé orin yín, mi ò dá nìkan wà rárá.

Ó ku ohun kan. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Fúnmi ń sọ fún mi pé kí n fún òun lóhùn, èmi náà á sì fún un. Lánàá mo wà lẹ́yìn fèrèsé, kò rí mi. Ó mú gìtá, ó yí etí rẹ̀, ó tẹ́tí sí i, ó to okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra rẹ̀ láìyẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí etí ọ̀kan wálẹ̀ díẹ̀, ó jókòó, ó sì pè mí: "Màmá àgbà, ẹ wá fún mi lóhùn o."

Mo wá, mo sì fún un. Mi ò sọ ohun tí mo rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi, Bàbá mi: ní iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn, ṣé lóòótọ́ ni ẹ ò lè to gìtá yín láìsí ohùn mi?

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó ṣì ń fún yín lóhùn.